Abẹ́rẹ́ Tó Wà Lára Sùtánà Mi

Ìgbà tí sájẹ́ǹtì náà yí inú ẹ̀wù sójà náà síta, tó gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀, ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Títí di àsìkò náà, mo rò pé ìbínú lásán ni wọ́n bá wá. Sójà mẹ́ta ló já wọ inú ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí ní Igbó-Elérin, níbi tí a ti ń ya fíìmù. Wọ́n rí àwọn òṣèré wa nínú aṣọ tó jọ tiwọn, wọ́n sì ní kí gbogbo ọkùnrin dojú bolẹ̀ nínú yanrìn. Èyí tó kéré jù nínú wọn fọwọ́ pa ẹ̀wù kan, ó ní, "Oga, na original o! Dem thief am for store."

Bí wọ́n bá gbà pé ńṣe la jí i, bóyá ẹ̀bẹ̀ ì bá tó o. Ṣùgbọ́n sájẹ́ǹtì kò gbà. Yorùbá ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo. Ó yí ẹ̀wù náà, ó rí i pé inú rẹ̀ dúdú ṣú láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, kò sí àwọ̀ abilà kankan níbẹ̀.

"Èyí kì í ṣe tiwa," ó ní. "Ẹnìkan ló fọwọ́ ṣe é. Ta ni?"

Ó gbọn ẹ̀wù náà sókè lójú gbogbo wa.

"Ẹni tó lè ṣe mẹ́ta lè ṣe ọgọ́rùn-ún. Àwọn adigunjalè ń wọ aṣọ wa kiri, ẹ̀yin ń ṣeré. Mo ní ta ló ṣe é?"

Èmi ni mo ṣe é. Mo dúró ti ògiri, n kò wọ bàtà, sùtánà funfun ìjọ wa ló wà lọ́rùn mi. Abẹ́rẹ́ kan sì wà ní àyà sùtánà náà, òwú aláwọ̀ ewé ṣì ń fì nídìí rẹ̀.

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà nígbà náà pàápàá, n kò ní sọ ju pé Okokomaiko ni, létí ọ̀nà tó lọ sí Ìbá. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ìjọba sójà sì ti di ohun tí àwọn ọmọ ń kà nílé ìwé, síbẹ̀ bí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ lọ sí àyà mi, á máa wá abẹ́rẹ́.

Àsìkò tí fíìmù inú kásẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde ni. Ẹni tó bá ti lè yá kámẹ́rà, ọ̀gá ni. Ọ̀gá tiwa, iṣẹ́ wáyà mọ́tò ló ń ṣe, àmọ́ ó ti bá ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé kan rìn nígbà èwe rẹ̀, eré kò sì kúrò lára rẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn wa. Ó kó ìwọ̀nba àwa tó lè tẹ̀ lé e jọ, ó ní a ó ya ìtàn sójà kan tó ti ojú ogun dé tí kò bá ìyàwó rẹ̀ nílé.

Èmi ni aránṣọ wọn. Ọkọ tèmi ti lọ sí Líbíà láti ọjọ́ pípẹ́, kò ránṣẹ́, kò sì kú tí a ó fi sunkún rẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí n máa lọ, wọ́n ní obìnrin tí kò bímọ, kí ló ń dúró ṣọ́? Bí mo ṣe di ẹni tó ń gbé yàrá kan nìyẹn, tó ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti dá wà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí mo bá bu oúnjẹ, n kì í jókòó mọ́. Ìdúró ni mo fi ń jẹun.

Tíṣà ni gbogbo wa ń pe ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún wa. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì rí ní Èkìtì, ó wá sí Èkó nítorí ẹnìkan ṣèlérí iṣẹ́ fún un ní yunifásítì tó wà lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ náà kò sì já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá di ẹni tó ń di ọ̀pá gbohùngbohùn mú fún Ọ̀gá. Ohun tó ń fi sétí kì í kúrò létí rẹ̀, ì báà jẹ́ ìgbà tí a bá ń jẹun. Lẹ́yìn àwa àti onílé rẹ̀ ní Igbó-Elérin níbi tó háyà yàrá sí, kò mọ ẹnikẹ́ni ní Èkó, àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ajangbadi.

A kò bára mu rárá. Mo fi ọdún mélòó kan jù ú lọ. Bí a bá dúró pọ̀, orí rẹ̀ kò kọjá èjìká mi. Ó kàwé, èmi kò kọjá pírámárì àti ilé ìkọ́ṣẹ́. Ìjọ àwọn tó ń pariwo "Halelúyà" ló ń lọ, wọ́n sì ti kọ́ ọ níbẹ̀ pé àwa aláṣọ funfun kò tíì rí ìmọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ tó gùn, ìjà ni.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kì í fi í wọ bàtà bí ẹ bá wọ aṣọ funfun yín?"

"Mósè wọ̀ ọ́ níwájú igbó tó ń jó?"

"Àǹtí, àwa ti kúrò lábẹ́ òfin Mósè."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kúrò níbẹ̀, tẹ́ ẹ wá ń wọ bàtà, ibo lẹ ti rìn dé?"

Obìnrin tó ń kun ojú àwọn òṣèré fún wa rẹ́rìn-ín títí tó fi da àtíkè nù. Tíṣà fi ohun tó ń fi sétí dí etí rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ẹ̀wù kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ ti já.

Mo rán an fún un. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, bọ́tìnnì náà tún já. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti apá ọwọ́. Nígbà tó yá, mo wo òwú náà dáadáa, mo rí i pé abẹ ni wọ́n fi gé e. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò tíì kú, tí ọkùnrin kan ń gé bọ́tìnnì ara rẹ̀ nítorí rẹ̀, kí ni kó sọ? Àwọn èèyàn ti ń wò wá. Obìnrin tó ń kun ojú náà kò sì ní ẹnu tó ń pa dé.

"Tíṣà, bọ́tìnnì yín tún ti já? Ṣé ẹ̀wù lẹ̀ ń wọ̀ ni àbí ẹ̀ ń bá a jìjàkadì?"

"Òwú ọjà ìsinsìnyí kò dáa," ni Tíṣà wí.

"Òwú ta ni kò dáa? Àǹtí, ẹ gbọ́ o, ó ní òwú yín kò dáa!"

Mo bá sọ fún Tíṣà pé n kò ní rán an fún un mọ́. Mo ní kó jókòó, kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rán bọ́tìnnì, kó máa rán tirẹ̀ nílé rẹ̀. Mo rò pé mo ti fi ọgbọ́n lé e lọ. Ńṣe ló fa àpótí, tó jókòó. Ó gba abẹ́rẹ́, ó ń fi itọ́ sí òwú bí ọmọdé. Bí ó ṣe di pé ó ń wá lójoojúmọ́ láti kọ́ ohun tó ti mọ̀ nìyẹn. Kò fọwọ́ kàn mí rí. Ó ń pè mí ní Àǹtí, ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, bí mo bá sì fún un ní omi mu, á tẹ̀ríba díẹ̀ gbà á bí ẹni tó wà níwájú ìyá ìyàwó.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ wá, ó ní Ọ̀gá fẹ́ ìró máṣíìnì ìránṣọ nínú fíìmù. Ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́, kí n má sọ̀rọ̀. Mo tẹ máṣíìnì títí orúnkún fi ro mí. Ó di ojú, ó ń gbọ́ ọ. Nígbà tí mo bi Ọ̀gá léèrè, ó ní, "Máṣíìnì wo? Ta ló fẹ́ ránṣọ nínú ìtàn sójà?" N kò sọ fún Tíṣà pé mo mọ̀.

Ọ̀gá pàápàá rí wa. Nígbà tí ó fẹ́ kí tọkọtaya kan kọjá lẹ́yìn òṣèré ní títì, tí àwọn tó ṣèlérí kò wá, ó ní kí èmi àti Tíṣà rìn. A rìn. Ó ní ká tún un rìn. Ní ìgbẹ̀yìn ó ju fìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì! Tọkọtaya ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe! Òkú wo lẹ̀ ń gbé lọ sin?"

Síbẹ̀ ó yà á bẹ́ẹ̀. Èmi ga fíofío, Tíṣà ń sáré tẹ̀ lé mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ààyè tó wà láàárín wa gba ẹnìkan sí i. Àwòrán kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni yà fún wa pọ̀ nìyẹn.

Ní ti aṣọ sójà, Ọ̀gá kọ́kọ́ fẹ́ tọrọ rẹ̀. Ó lọ sí bárékè Ọ̀jọ́, wọ́n ní kó lọ, kó bọ̀, ó lọ bọ̀ títí ó fi sú u. Ó ní ká ra kákí aláwọ̀ ewé, kí n rán an. Ṣùgbọ́n kákí lásán kò jọ aṣọ abilà tí àwọn sójà ń wọ̀ sójú ogun. Ibí yìí ni èmi fi ohun tí ìyá mi kọ́ mi ní Abẹ́òkúta kún un. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìyá mi ń ṣe. Mo se ẹ̀kọ láfún, mo fi ìyẹ́ adìyẹ ya á sójú kákí náà níbi tí n kò fẹ́ kí aró dé. Mo tẹ̀ ẹ́ bọ aró àwọ̀ ilẹ̀, mo sá a, mo tún ya ẹ̀kọ míràn sí i, mo tẹ̀ ẹ́ bọ dúdú. Tíṣà ló ń bá mi ro ẹ̀kọ, tó ń sọ fún mi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú aró bí ẹni pé kíláàsì ló wà. Nígbà tí mo họ ẹ̀kọ náà kúrò, ẹnu ya gbogbo wa. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kì í ṣe aṣọ ìjọba. Àṣìṣe wa nìyẹn. Ẹni tó bá ń ṣe eré, kó jẹ́ kí ojú rí i pé eré ni. Àwa kò fi ẹ̀rí kankan sílẹ̀, àfi inú aṣọ, nítorí ojú kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ wà, inú ti mu aró tán.

Ọjọ́rú ni àwọn sójà wá. Ìsìn àwọn obìnrin máa ń wáyé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láàárọ̀ Ọjọ́rú, torí náà sùtánà wà lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì òṣèré kan ti já lọ́jọ́ tó ṣáájú, nínú iṣẹ́ fíìmù sì rèé, bí aṣọ bá ti rí lánàá náà ló gbọ́dọ̀ rí lónìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn òǹwòran á ní idán ni. Mo gba ibẹ̀ kọjá láti rán an kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rẹ̀, mo fi abẹ́rẹ́ sí àyà mi bí gbogbo aránṣọ ṣe ń ṣe, ni mo gbọ́ ìró bàtà.

Ẹ jẹ́ kí n padà síbi tí sájẹ́ǹtì ti ń bèèrè. Mo fẹ́ sọ pé èmi ni. Ojú sájẹ́ǹtì wà lórí ẹ̀wù náà, ó ń yẹ ojú rírán rẹ̀ wò. Tíṣà ti gbé ojú kúrò nínú yanrìn, ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Mo rí i tí ó wo àyà mi, tó rí òwú aláwọ̀ ewé náà. Ó dìde. Bí ó ṣe ń dìde, ó fi ara gbá mi bí ẹni tó ń kọsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan àyà mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn mí nìyẹn. Nígbà tó fi máa nàró, abẹ́rẹ́ ti kúrò lára mi.

"Èmi ni, sà," ó ní.

"Ìwọ kí ni?"

"Èmi ni mo ṣe é. Abẹ́rẹ́ mi rèé."

Sájẹ́ǹtì wo abẹ́rẹ́, ó wo òwú, ó fi òwú náà wé ti ẹ̀wù. Ó yí ojú sí mi.

"Ìyá yìí ńkọ́?"

"Aládùúrà ni wọ́n, sà. Wọ́n wá gbàdúrà fún wa ni. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn."

Sájẹ́ǹtì wo ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà. Èyí tí Tíṣà ti ń bá mi jà lé lórí láti ọjọ́ yìí wá ni ó wá fi gbà mí. Sájẹ́ǹtì ní, "Màmá, ẹ máa lọ. Àdúrà yín kò gbà lónìí." Mo lọ. Mo rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ ọ̀nà Igbó-Elérin láì mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ń ṣẹ̀jẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi tú Ọ̀gá àti àwọn òṣèré sílẹ̀. Wọ́n ti nà wọ́n, wọ́n ti fá orí wọn, wọ́n sì ti dáná sun gbogbo kásẹ́ẹ̀tì wa níwájú wọn. Òkú tí èmi àti Tíṣà ń gbé lọ sin jóná níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ mi nínú wọn. Kí Ọlọ́run san án fún wọn. Ọ̀gá padà sídìí wáyà mọ́tò, kò sì sọ̀rọ̀ fíìmù mọ́. Obìnrin tó ń kun ojú kó lọ sí Ìbàdàn. Tíṣà nìkan ni wọn kò tú sílẹ̀, nítorí òun ni ẹni tó lè ṣe ọgọ́rùn-ún.

Ohun tí mo mọ̀ nípa ibi tí wọ́n tì í mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́. Òun nìkan ló ń gbé oúnjẹ lọ sẹ́nu géètì. Wọn kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Wọ́n ní ọkùnrin tó ń ránṣọ kì í ní irú àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Wọ́n fún un ní bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́, wọ́n ní kó rán an níwájú wọn. Ó rán an. Ó fi itọ́ sí òwú, ó rán an ní ọ̀nà tí mo kọ́ ọ, ó yí òwú mọ́ ọn nídìí, ó sì já a pẹ̀lú eyín. Wọ́n ní aró ńkọ́, ó sì kọ́ wọn ní kẹ́mísìrì aró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n wá gbà á gbọ́. Nítorí pé wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n bi í léèrè àwọn tó ti rán aṣọ fún tẹ́lẹ̀, nígbà tí kò sì rí orúkọ dá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bi í ní ọ̀nà mìíràn.

Òjò ọdún náà ti dá kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé aṣọ dání bí ẹni tó fẹ́ ránṣọ. Ó na aṣọ náà sórí tábìlì, ó ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n bí ẹni ń júwe bùbá.

"Ó ti dé," ó ní, kò gbójú sókè. "Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ó ní kí ẹ má wá o. Ó ní bí ẹ bá rí òun ní títì, ẹ má kí òun."

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ó ń mí. Wọ́n ní gbogbo Mọ́ńdè ni kó máa wá fojú hàn ní géètì. Wọ́n ní bí àwọn bá rí i lọ́dọ̀ aránṣọ kankan, àwọn á kó aránṣọ náà, àwọn á sì mú òun padà." Ó ká aṣọ rẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó tún wojú mi. "Àǹtí, n kò mọ ohun tí ẹ fún àbúrò mi jẹ."

"Omi ni," mo ní. "Omi nìkan náà ni."

Ó mi orí, ó lọ.

Láti ìgbà náà ni ìpayà ti di aṣọ tí mò ń wọ̀ jí. Sájẹ́ǹtì kò jáwọ́. Ó ń ti ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan bọ́ sí òmíràn ní Okokomaiko àti Ìbá, ó ń wò ó bóyá Tíṣà ní ẹlẹgbẹ́. Ó dé ọ̀dọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sórí àpótí tí Tíṣà máa ń jókòó sí.

"Màmá, ṣé ẹ̀ ń rán kákí?"

"Rárá o, sà. Aṣọ àdúrà àti yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé nìkan."

"Ẹ bá mi lẹ àpò yìí mọ́ ẹ̀wù yìí." Ó ju ẹ̀wù kan sílẹ̀ fún mi.

Mo mọ̀ pé ó fẹ́ wo ọwọ́ mi ni. Mo rán an ní wíwọ́. Mo jẹ́ kí òwú rẹ̀ ṣùjọ, mo jẹ́ kí etí kan ga ju èkejì lọ. Ìyá mi ì bá gbá mi létí. Sájẹ́ǹtì gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà.

"Màmá, ta ló kọ́ yín níṣẹ́?"

"Ọlọ́run ni, sà."

"Ẹ lọ sọ fún un pé kò kọ́ yín tán." Ó dìde, ó wá dúró. "Mo ti rí yín níbì kan rí."

"Gbogbo aláṣọ funfun ló jọra wọn, sà."

Ó wo ẹsẹ̀ mi. Mo wọ bàtà lọ́jọ́ náà. Ó lọ, ṣùgbọ́n ó tún padà wá lẹ́yìn náà, nígbà mìíràn láti jókòó lásán. Nítorí rẹ̀, mo ń rán gbogbo nǹkan ní wíwọ́. Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí lọ síbòmíràn. Wọ́n ń sọ pé ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. N kò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo da ìkòkò aró mi nù sínú gọ́tà, n kò sì tẹ aṣọ bọ aró mọ́ láti ọjọ́ náà dòní.

Ní ti Tíṣà, mo ń rí i. Láti Ajangbadi sí géètì bárékè, kì í ṣe dandan kó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣùgbọ́n gbogbo Mọ́ńdè ló ń gbà á, lódì kejì títì, láì wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ti gbẹ. Ó máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún sínú àpò. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ kò ní bọ́tìnnì. Mo kọ́kọ́ rò pé ìyà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀ mo rí i pé bó ti wù kó pààrọ̀ ẹ̀wù tó, ọrùn rẹ̀ kò ní bọ́tìnnì.

N kò lè juwọ́ sí i. N kò lè kí i. Ohun tí mo lè ṣe ni pé bí mo bá ti rí i lókèèrè, mo máa ń jókòó sídìí máṣíìnì, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan títí yóò fi kọjá. Kò sí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ kàn ń gún afẹ́fẹ́ ni. Ọmọ ìjọ wa kan bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Sisí mi, kí lẹ̀ ń rán?" Mo ní mò ń da epo sí i ni. Tíṣà kì í yíjú. Ṣùgbọ́n bí máṣíìnì bá ti ń dún, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń falẹ̀.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nìyẹn. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé bóyá ohun tó dára jù fún wa ni, nítorí kí ni àwa méjì ì bá sọ fúnra wa bí títì kò bá sí láàárín? Lẹ́yìn náà ni mo máa ń rántí ọwọ́ tó kan àyà mi lọ́jọ́ náà, mo máa ń dìde, mo máa ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Sájẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ dáwọ́ wíwá dúró. Mo rò pé ẹ̀tàn ni, mo ṣì ń rán aṣọ ní wíwọ́. Ìjọba yí padà, wọ́n ní àwọn sójà ti fẹ́ padà sí bárékè wọn. Èyí kò tù mí nínú, nítorí ibi tí bárékè wọn wà kò jìnnà sí mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, mo rí Tíṣà tó ń lọ, mo tẹ máṣíìnì mi fún un, ó kọjá. Kò tíì pẹ́ tí mo rí i tó ń padà bọ̀. Kì í gba ibẹ̀ padà. Ó dúró lódì kejì títì, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọdá.

Mo dìde. "Kí lo wá ṣe níbí?" mo ní. "Wọ́n á rí ọ!"

"Ẹ káàsán, Àǹtí."

"Wọ́n á rí ọ ni mo ní!"

"Kò sẹ́ni tó ń wò mọ́." Ó fi orí júwe ọ̀nà bárékè. "Mo dé géètì, mo ní mo wá fojú hàn. Sójà ọmọdé kan ló wà níbẹ̀, ó ní fún ta ni? Mo sọ ti sájẹ́ǹtì. Ó ní ìyẹn ti fẹ̀yìn tì, ó ti lọ sílé rẹ̀. Ọ̀gá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá náà jáde síta. Ó bi mí pé kí ni mo ṣe. Mo ní mo ṣe aṣọ fíìmù. Ó wò mí títí." Tíṣà wo títì lẹ́yìn rẹ̀. "Ó ní, 'Fíìmù? Nítorí fíìmù lo ṣe ń wá síbí láti ọjọ́ yìí? Máa lọ sílé, bàbá. Má wá mọ́.'"

"Ó pè ọ́ ní bàbá?"

"Bàbá ló pè mí."

Orí rẹ̀ kò kọjá èjìká mi síbẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun ní ẹ̀gbẹ́. Mo bu omi fún un. Ọwọ́ òsì ló fi gbà á, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má bínú pé òsì ni. Lẹ́yìn tó mu ún tán, ó jókòó sórí àpótí, ó wá nǹkan nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Bọ́tìnnì ni.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, bọ́tìnnì mi já."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, omi sì ti dé ojú mi. "Ṣebí mo ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rán an."

"Ẹ kọ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n." Ó fa ọwọ́ ọ̀tún yọ láti inú àpò, ó gbé e lé orí tábìlì ìgéṣọ mi, bí ẹni gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ kalẹ̀. Méjì nínú ìka rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì ti ká sínú. "Àwọn wọ̀nyí ni kò mọ̀ ọ́n mọ́."

N kò fọwọ́ kàn án. N kò tíì lè fọwọ́ kàn án. Mo mú abẹ́rẹ́, mo fi òwú sí i. Ó fẹ́ bọ́ ẹ̀wù náà, kò sì rọrùn fún un pẹ̀lú ọwọ́ kan, mo ní kó fi í sílẹ̀. Ìyá mi a máa sọ pé a kì í rán aṣọ mọ́ èèyàn lára, ṣùgbọ́n ìyá mi ti kú, kò sì mọ Tíṣà. Mo tẹ̀ síwájú rẹ̀, mo sì rán bọ́tìnnì náà sí ọrùn rẹ̀, ní títọ́, ó le dáadáa, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n rán tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn èèyàn ń kọjá lọ sí Ìbá, kò sì sẹ́ni tó dúró wò wá.